Gbogbo Ayé Ló Lè Yí Ohùn Padà, Àfi Èmi Tí Mo Ń To Àga Ibùdó Ìdìbò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí! Tí olùdíje bá jí láàárọ̀ tó ní òun ò du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà mọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á ní ó ṣe bí àgbà. Tí àwọn aláṣẹ bá sún ọjọ́ ìbò síwájú, wọ́n á ní ọgbọ́n ni. Tí adájọ́ bá yí òfin padà nígbà tí ìbò ku ọ̀la, wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó dáa, ta ló máa tún ìwé ìdìbò tẹ̀? Ta ló máa tún ẹ̀rọ tò? Ta ni wọ́n máa nàka sí lójú ní aago méje òwúrọ̀? Èmi ni o! Èmi tí n kò bá wọn polongo dé Iowa rí, tí n kò fẹnu kan kọ́bọ̀ nínú owó ìpolongo wọn, èmi tí mo kàn di ọmọ onílùú ní Georgia, tí mo wá ní kí n ran káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, lọ́wọ́ lásìkò ìbò, fún owó táṣẹ́rẹ́ tí epo mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán.

Ẹ gbọ́ bí ìyà náà ṣe ń rìn. Ní Georgia, ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń fi orúkọ àwọn tó fẹ́ di ààrẹ ránṣẹ́, Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ ló ń mú ọjọ́ ìdìbò abẹ́nú, káúńtì ló ń ṣe gbogbo ìyókù. Gbogbo ìyókù! Ibùdó ìdìbò, òṣìṣẹ́, tábìlì, wáyà, bírò, títí dé bébà kékeré tí ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ àyà pé ẹ ti dìbò. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì ní ìwé ìdìbò àwọn sọ́jà àti àwọn tó wà lókè òkun gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ wa nígbà tí ìbò bá ku ọjọ́ 45. Ẹ ṣírò ó o! Kí olùdíje tó mọ̀ bóyá òun ń bá a lọ, a ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí sọ́jà kan ní Jámánì.

Ọdún 2020 ló ba ti èmi jẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù kẹta ni wọ́n mú fún ìdìbò abẹ́nú ààrẹ. Ẹ̀rọ tuntun ni gbogbo rẹ̀, torí adájọ́ àpapọ̀ ti ní kí wọ́n má lo ti àtijọ́ mọ́, ìpínlẹ̀ sì ti ná ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ lójú, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé jáde, ẹ̀rọ tó ń gbé ìwé mì, tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń wá orúkọ, wáyà kan kì í sì í bá ihò èkejì mu. A tò ó, a dán an wò, a tì í pa. Ìdìbò àwọn tó fẹ́ tètè dìbò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ní lọ́jọ́ yẹn gan-an, Amy Klobuchar, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje Democrat, ní òun ti jáwọ́! Buttigieg ti jáwọ́ lánàá ọjọ́ náà, Steyer ti jáwọ́ níjẹta rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí Bloomberg lọ, Warren lọ, Yang àti Bennet ti lọ láti oṣù kejì, síbẹ̀ orúkọ gbogbo wọn ṣì ń dán lójú ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ kì í gbọ́ rédíò! Ó dà bí ìgbà tí a ti pín aṣọ ẹbí tán, tí ẹ ti rán an, tí ẹ ti wọ̀ ọ́ dé gbọ̀ngàn, ìyàwó wá ní ọkọ yẹn kọ́ lòun fẹ́, gbogbo ará ìlú sì dojú kọ télọ̀. Àwọn Republican ní tiwọn fi orúkọ Trump nìkan ránṣẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀ òṣèlú o, mo kàn ń sọ pé orúkọ kan kì í fa ìjà.

Bàbá kan dìbò tán, ó wọ mọ́tò, rédíò sì sọ fún un pé ẹni tí ó dìbò fún ti lọ sílé. Ó padà wọlé, ó ní kí n fún òun ní òmíràn. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ̀rọ ti gbé e mì." Ó ní kí n bẹ ẹ̀rọ náà kó pọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún mi, níbo ni wọ́n ti ń bẹ ẹ̀rọ?

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti ẹgbẹ́. Ní Georgia, tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ẹ kì í sọ ẹgbẹ́ yín. Ọjọ́ ìdìbò abẹ́nú la máa ń bi yín pé ìwé ẹgbẹ́ wo lẹ fẹ́. Òfin ni o, èmi kọ́ ni mo ṣe é! Ìyá wa kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tòótọ́, wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́ ni? Ta ló rán ọ?" Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn tábìlì ìjọba Amẹ́ríkà. Màmá ò dáhùn. Wọ́n fi ìka ṣàpèjúwe ìwé tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ òyìnbó tó jókòó tì mí.

Kòrónà wá dé. Wọ́n sún ìbò ààrẹ láti oṣù kẹta sí ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbò abẹ́nú àwọn ipò yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ti dìbò ààrẹ ná, ìbò wọn ò sì gbọdọ̀ ṣòfò, nítorí náà ó di pé kí á ní ìwé Democrat tó ní ìbò ààrẹ nínú, ìwé Democrat tí kò ní in, ìwé Republican tó ní in, èyí tí kò ní in, àti ti àwọn tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe, kí á sì mọ ẹni tí èyíkéyìí tọ́ sí, ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan! Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ tún fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.9 èèyàn pé kí wọ́n dìbò láti ilé, ìbò inú àpòòwé sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ta ló ń ya àpòòwé? Ta ló ń wo ìbuwọ́lùwé? Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, Bernie Sanders náà jáwọ́. Mo ní ó tán, ó ku Biden, a lè mí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún sún ìbò sí ọjọ́ 9 oṣù kẹfà! Yéè! Gbogbo pátákó tí a ti kọ ọjọ́ tuntun sí!

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Àbúrò, ẹ̀yin náà ti ń sún ìbò?" Èmi tí mo fi INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún 2019, nígbà tí wọ́n sún ìbò ààrẹ láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 23 oṣù kejì ní òru mọ́jú ọjọ́ ìbò gan-an! Ọ̀sẹ̀ kan péré ni INEC sún tirẹ̀. Tiwa jẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kòrónà ni." Wọ́n ní kò sí ẹni tó sún ìbò rí tí kò ní àwáwí.

Àwọn àgbàlagbà tó máa ń bá wa ṣiṣẹ́ ò wá mọ́, ẹ̀rù àìsàn ń bà wọ́n, mi ò sì bá wọn wí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń yá wa ní gbọ̀ngàn ní ká máa lọ. Ibùdó méjì di ọ̀kan, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ẹ̀rọ tí wọn ò fọwọ́ kàn rí, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 9 sì mọ́, ìlà ti yí ilé po, ẹ̀rọ kan ò tàn, kan ń béèrè nọ́ńbà àṣírí, ẹni tó béèrè ìwé láti ilé tí kò rí i gbà náà ti dé, ẹni tó rí i gbà ṣùgbọ́n tí kò gbà á gbọ́ náà ti dé, gbogbo wọn ń bú mi láti inú ìbòmú, adájọ́ sì ní káwọn ibùdó kan má tíì tì ní aago méje alẹ́. Bẹ́ẹ̀, kí ọjọ́ yẹn tó dé, Biden ti ní aṣojú 1,991 tó nílò láti di olùdíje ẹgbẹ́ rẹ̀! Ìbò ààrẹ ti parí! Mo mọ̀ pé ìbò sẹ́nétọ̀ wà lórí ìwé kan náà, ẹ má wulẹ̀ rán mi létí. Ní alẹ́, ìpínlẹ̀ ní káúńtì ló jẹ̀bi, káúńtì ní ìpínlẹ̀ ni, àwọn méjèèjì sì ń wo ojú mi.

Ọdún 2024 ńkọ́? Orúkọ DeSantis, Ramaswamy àti Haley wà lórí ìwé Republican wa ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, gbogbo wọn ti jáwọ́. Biden wọlé tiẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, a ka ìbò, a dì í, a tò ó sí yàrá. Ọjọ́ 21 oṣù keje, Biden ní òun ò ṣe mọ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra, ẹ̀jẹ̀ ríru."

Lẹ́tà wọn ti tún dé báyìí fún ti 2028. Wọ́n ní kí n dá ọjọ́ ìdìbò abẹ́nú sí. Mo pè wọ́n pé ọjọ́ wo ni. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní wọn ò tíì mú ọjọ́, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́ má pẹ́ dé.