Iyán Inú Ewé, Ọbẹ̀ Inú Èèpo Ẹ̀pà

Àwọn àgbà ní bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, mo lè búra pé ó ti jẹun kó tó pa á. Ẹni tí ebi ń pa kì í fi èèpo ẹ̀pà ṣe àwàdà. Ó fi ń tu ẹni tí tirẹ̀ kò tó nǹkan nínú ni, pé kó má ṣojú kòkòrò, kó má wo àwo ẹlòmíì. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn oníléeṣẹ́ yóò gbọ́ òwe náà, tí wọn yóò sì gbà á bí ìwé àṣẹ. Wọ́n ti gún iyán sínú ewé báyìí, wọ́n sì ti se ọbẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà. Ewé ọ̀hún ń dán yinrin, àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i lórí pé ó ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwa ará Òkè-Ògùn kọ́ ló yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìwọ̀n oúnjẹ tàn jẹ. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀lùbọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti ń gbéra. Àmọ́ ẹ yà sí ìsọ̀ kan ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, kí ẹ wo ohun tí à ń fi owó iṣu rà bọ̀ wálé. Ẹ mi páálí ìṣáná sétí: ohùn rẹ̀ ti yí padà, àwọn igi inú rẹ̀ ti ráyè ṣeré. Ẹ gbé tíṣù: ihò àárín rẹ̀ ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìwẹ̀ ti ní ìbàdí. Wọ́n gbẹ́ ẹ lágbede méjì, wọ́n ní kó lè rọrùn láti dì mú ni. Ọ̀rá bisikíìtì wú bọ̀ǹbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ya á wò, àwọn ayálégbé inú rẹ̀ kò gba ìdajì yàrá. Ti búrẹ́dì ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó ga, ó dán, ó ṣe é kí. Fi ọwọ́ fún un pẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ á wó sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Afẹ́fẹ́ la rà, wọ́n kàn fi ìyẹ̀fun dè é mọ́lẹ̀ kó má baà fò lọ ni.

A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu gan-an, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa dé ìdajì, wọ́n ti tú okùn ọrùn náírà. Dọ́là tí ìjọba ń ṣẹ́ ní iye tí kò tó ₦500 kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024. Àlìkámà àti mílíìkì elétù, òkè òkun lèyí tó pọ̀ nínú wọn ti ń wá, dọ́là la sì fi ń rà wọ́n. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣírò iye ọjà ní Nàìjíríà sọ pé ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìyẹn kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fowó lé ọjà lójú wa, a ó bú u, a ó rà á, ó parí. Omi inú ọ̀rá ṣe bí ọmọlúàbí: ó kúrò ní náírà márùn-ún, ó dé mẹ́wàá, ó dé ogún, ó fò sí àádọ́ta, gbogbo ayé sì rí i nígbà tó ń fò. Ẹni tí kò fowó lé ọjà rẹ̀ ni mò ń bá wí.

Kí ló dé tí kò fi fowó lé e? Ẹ wo ọwọ́ ọmọ tí a rán níṣẹ́. Igba náírà ló wà níbẹ̀, tàbí ọgọ́rùn-ún, tàbí àádọ́ta. Kọ́bọ̀ ti kú tipẹ́. Owó ẹyọ náírà kan àti náírà méjì tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2007, kò sẹ́ni tó bá a rìn dé ọjà. Bí iye tí oníléeṣẹ́ fi ń pèsè ọjà rẹ̀ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, kò lè sọ ohun tó ń tà ní ọgọ́rùn-ún náírà di àádọ́fà, torí pé ìyá oníṣọ́ọ̀bù kò ní ṣéńjì tí yóò fún ọmọ náà. Súìtì ni yóò fún un, tàbí hóró mágí kan, yóò ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ṣéńjì nìyẹn. Nítorí náà, owó dúró sójú kan, ọjà ló ń sún sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ọ̀rá ọṣẹ ìfọṣọ kan jẹ́ gíráàmù 100, ₦500 sì ni wọ́n ń tà á. Wọ́n sọ ọ́ di gíráàmù 80, ₦500 ló ṣì jẹ́. Ẹni tó bá tilẹ̀ fura yóò ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rẹ́ òun jẹ. Rárá o. Gíráàmù kan tó jẹ́ náírà márùn-ún ti di náírà mẹ́fà àti kọ́bọ̀ 25, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọṣẹ fi wọ́n sí i. Ẹni tó bá ní kí o gbé ₦125 lé ₦500 lójú gbangba, ìjà dé. Èyí tó yọ ọ́ láti inú ọ̀rá, ńṣe lò ń yìn ín fún àwọn aládùúgbò pé, "Wọ́n mà gbìyànjú o, wọn ò fowó lé tiwọn."

Wọn ò sì purọ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà. 80 wà lára ọ̀rá, ní ẹ̀yìn, nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ọ̀rá po, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, nínú lẹ́tà tí èèrà lè fi ṣe ìwé kíkà. Òfin tó gbé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀, òfin ọdún 2018, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti purọ́ nípa ìwọ̀n ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ 80, tó sì fi 80 sínú rẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ìwọ lo fi ojú 100 wò ó.

Ẹ wá wo ibi tí à ń da gbogbo ìbínú wa sí. Lọ́jà, níwájú ìyá elélùbọ́, kò sí ọlọ́gbọ́n bíi tiwa. Kóńgò ni ìwọ̀n, a kì í sì í gba kóńgò gbọ́. A ó gbé e sókè, a ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, a ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, tàbí, tó bá jẹ́ oníke, bóyá wọ́n ti fi iná yọ́ ọ kó lè wú sókè. Àwọn kan ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú, a ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ga, ìyá." Yóò ga, yóò ṣe ṣónṣó. A ó tún ní, "Ẹ fọwọ́ ká a." Ìyá á fi apá kan yí etí kóńgò po kí ẹ̀lùbọ́ má baà ya dànù, á máa bù lé e títí òkè kékeré á fi dúró lórí òkè ńlá. Ó dà á sínú ọ̀rá, ó rò pé ó tán. A ò tíì lọ. A na ọ̀rá sí i padà: "Èènì wa ńkọ́?" Ìyá á ṣépè díẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á fi ìka bu díẹ̀ sí i, a ó sì máa ṣe fáàrí lọ.

Ẹni kan náà, kó tó délé, yóò yà ra mílíìkì inú ọ̀rá. Ó na owó, wọ́n ju ọ̀rá sí i. Kò yẹ ìdí rẹ̀ wò. Kò ní kó ga. Kò bèèrè èènì, torí pé òun gan-an ló ń fún wọn ní èènì báyìí: gíráàmù tí wọ́n bá yọ, láti inú ife tiẹ̀ ló ti jáde lọ bá wọn ní iléeṣẹ́. Láyé àwọn ìyá wa, ẹni tó ń tà ló ń fi èènì fún ẹni tó ń rà. Àwa la kọ́kọ́ rí ọjà tí oníbàárà ti ń fi èènì tọrẹ fún olówó, tó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ò sọ pé ọwọ́ ọjà tiwa mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló mọ̀ pé kóńgò tí àwọn oníṣòwò kan fi ń ra àgbàdo lọ́wọ́ òun kì í ṣe ẹgbẹ́ kóńgò tí wọ́n fi ń tà á fún ará ìlú. Wọ́n á tún rán ọrùn mọ́ àpò kó lè gba kọjá àpò, síbẹ̀ àpò kan ṣoṣo ni wọn yóò kà á sí. Àáfà ń wàásù rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀: odidi súrà kan, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, Al-Mutaffifin, àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ ṣí ìwé Òwe, ó sọ̀rọ̀ lórí òṣùwọ̀n èké. Ìyá elélùbọ́ jókòó, ó gbọ́, ẹ̀rí ọkàn gún un ní kẹ́ṣẹ́. Ẹni tó yí bọ́tìnì ẹ̀rọ láti 100 sí 80 kò sí ní mọ́ṣáláṣí Ṣakí lọ́jọ́ náà. Bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, yóò ṣe àmín pẹ̀lú wa, torí lójú tiẹ̀, òun kò dín òṣùwọ̀n kù: òun kọ ọ́ sára ọ̀rá.

Àánú ni ọ̀rá kékeré fi wọlé sí wa lára. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí mílíìkì agolo ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé, mílíìkì inú ọ̀rá ló jẹ́ kí ọmọ mẹ̀kúnnù mọ bí tíì aláwọ̀ funfun ṣe rí. Èèpo ẹ̀pà nìyẹn, a sì yó. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí ni pé wọ́n ń bó èèpo ẹ̀pà fúnra rẹ̀. A sì ń bá wọn ṣe é. Bí ọ̀rá kan kò bá tó mọ́, a ó da méjì, a ó ní à ń mánéèjì, a ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń ka oyè. Ọ̀rá kékeré ti ní agbẹjọ́rò nílẹ̀ yìí. Nígbà tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò tí kò tó mílílítà 200 ní oṣù Kejì ọdún 2024, ariwo sọ, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. N kò tíì gbọ́ pé aṣòfin kankan dìde dúró nítorí ihò àárín tíṣù.

Àwọn òyìnbó náà jẹ nínú rẹ̀. Ṣokoléètì kan wà tí wọ́n ń pè ní Toblerone, tí wọ́n ṣe bí òkè tó tò tẹ̀lé ara wọn. Lọ́dún 2016, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ èyí tó jẹ́ gíráàmù 400 di 360. Páálí kò kúrú. Àfonífojì àárín òkè ni wọ́n fẹ̀ sí i. Àwọn èèyàn pariwo títí, nígbà tó di 2018 wọ́n kó àwọn òkè náà padà síbi tí wọ́n wà. Ọmọ Ṣakí tó bá gbójú sókè wo òkè Asabari mọ̀ pé iṣẹ́ òǹrorò ni kí èèyàn máa bu òkè tà.

Ní Faransé, ṣọ́ọ̀bù Carrefour lẹ ìwé mọ́ irú àwọn ọjà bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, kí ojú lè ti àwọn tó ń ṣe wọ́n. Ìjọba wọn wá sọ ọ́ di dandan: láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ju sukúéà mítà 400 lọ gbọ́dọ̀ lẹ ìwé sẹ́bàá ọjà tó bá kéré sí i tí owó rẹ̀ kò bá a kéré, ìwé náà yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù méjì. Ẹ gbé òfin yẹn wá sí Ìsẹ́yìn. Ìsọ̀ onípákó tí a ti ń ra mágí àti ọṣẹ, èèyàn mẹ́ta ló lè dúró sínú rẹ̀, ìkẹta á sì ki ẹsẹ̀ kan síta. Bí wọ́n bá fi dandan mú ìyá oníṣọ́ọ̀bù pé kó lẹ ìwé, ìwé yóò bo ọjà mọ́lẹ̀, yóò sì gbé owó bébà lé owó ọṣẹ.

Ta ni yóò tilẹ̀ sọ fún òun alára? Páálí ló ń rà lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà. Àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà. Nínú gbogbo àwọn tí ọjà ń gba ọwọ́ wọn kọjá, alábàárù ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, torí orí rẹ̀ ni páálí ń gùn. Mo gbọ́ tí ìyá kan ń bá ọ̀kan nínú wọn dúnàádúrà lọ́jọ́ ọjà. Ó ní, "Páálí yìí ti fúyẹ́, o ò wá ní dín owó ẹrù mi kù?"

Ọmọ náà ti gbé e karí. Ó ní, "Màmá, páálí ni mò ń kà, n kì í ka gíráàmù."