Tábìlì 17

Ẹni tó ni ìtàn yìí ní ojú ń ti òun láti sọ pé "èmi." Nítorí náà, "ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé" ni a ó máa pè é, ẹ má sì bi wá bí a ṣe mọ gbogbo ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀.

Ará Ìbàdàn ni. Ó lọ kí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní Coppell, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, ní àríwá pápákọ̀ òfurufú DFW. Kò tíì tú ẹrù tó fi ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́: ó ń pe ìlú náà ní "Kọ́pùlù," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ tọkọtaya. Àwọn onílùú, ìparí orúkọ náà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀: Kọpẹ́ẹ̀lì.

Kẹ̀kẹ́ ló gba àbúrò ìyàwó yìí lọ́kàn. Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn Texas tó mú, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, wọ́n ti lọ. Ẹ má rò pé kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa fi ń lọ sóko là ń wí. Èyí fúyẹ́ débi pé ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e, owó rẹ̀ sì lè ra ọ̀kadà. Bí ọkùnrin náà bá sì ti jókòó sídìí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń sọ: George Hincapie.

Ọmọ New York ni Hincapie, ó tinrin, ó sì ga fíofío. Láti 1996 dé 2012, ìgbà 17 ló bá wọn bẹ̀rẹ̀ ìdíje Tour de France. Kò gba ife rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹlòmíràn borí: kó máa gba afẹ́fẹ́ sójú níwájú ọ̀gá, kó padà sẹ́yìn lọ gba ike omi nínú ọkọ̀, kó kì wọ́n bọ inú ẹ̀wù títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi wú bí ti abuké, kó wá pín wọn fáwọn tó kù. Ọ̀gá tó sìn jù ni Lance Armstrong, tó dàgbà ní Plano, ìlú tí kò jìnnà sí Coppell. Domestique ni àwọn Faransé ń pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọmọ ọ̀dọ̀. Èébú ló sì jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1911, Henri Desgrange, ọ̀gá ìdíje náà, fẹ̀sùn kan Maurice Brocco pé ó ń ta agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ fáwọn tí wọ́n jọ ń díje, ó sì fi ọmọ ọ̀dọ̀ bú u. Inú bí Brocco. Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣe ipò kìíní. Wọ́n ṣì lé e náà ni.

Èébú yìí ni Hincapie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, tí wọ́n fi sọ òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tí wọ́n ṣí ní 2013 nítòsí Travelers Rest, ní South Carolina, lórúkọ: Hotel Domestique. Restaurant 17 ni wọ́n pe ilé oúnjẹ inú rẹ̀, nítorí ìgbà 17 yẹn. Apá kan wà nínú ìtàn Hincapie tí àbúrò ìyàwó kì í fẹ́ sọ. Ní 2012, nígbà tí àṣírí tú pé oògùn ni Armstrong fi gba ife méje, Hincapie náà jẹ́wọ́ pé òun lò ó, wọ́n sì pa gbogbo èsì rẹ̀ láti oṣù Karùn-ún 2004 dé oṣù Keje 2006 rẹ́. Tour mẹ́ta ló bá a lọ. Bí a bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ dáadáa, Restaurant 14 ló yẹ kí wọ́n pè é.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, àbúrò ìyàwó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo máa mú yín lọ jẹun lálẹ́ ọ̀la, níbì kan bíi ti Hincapie. A máa gun kẹ̀kẹ́ lọ ni."

Blẹ́ńdà ń lọ ata lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé gbọ́ "ti Hincapie," kò gbọ́ "bíi." Pé South Carolina jìnnà sí Coppell ju kìlómítà 1,000 lọ kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Kí ata tó kúnná, ìròyìn ti dé orí WhatsApp ẹbí ní Ìbàdàn.

Wọ́n yá a ní ṣòkòtò alẹ̀mọ́ra tó ní tìmùtìmù nídìí, àti bàtà tó ní ohun kan lábẹ́ tó ń há mọ́ pẹ́dà. Àbúrò ìyàwó di ṣòkòtò gidi àti bàtà gidi sínú báàgì tirẹ̀. Agbádá nìkan ló wà nínú ti ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé. Lójú tirẹ̀, aṣọ eléré kẹ̀kẹ́ kò lè jẹ́ èèwọ̀ nílé oúnjẹ eléré kẹ̀kẹ́. Ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà ló ti gbé agbádá wọ̀: lókè, baálẹ̀, nísàlẹ̀, ẹni tó sá kúrò nínú odò.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán bíi dígí. Bàtà bẹ̀rẹ̀: kò, kò, kò, bí ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Gbogbo ilé yíjú. Níbi tó ti fẹ́ máa rọra tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ yọ̀, ó gbá agbáwo kan mú lápá, àwọn méjèèjì sì yí po lẹ́ẹ̀kan bí ọkọ àti ìyàwó tuntun lójú agbo. Wọ́n mú un dé tábìlì. Irin kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí: 17.

Ẹ̀rí wo ló tún kù?

Wọ́n gbé korobá fàdákà kan wá, omi àti yìnyín kún inú rẹ̀. Inú ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé dùn pé àwọn òyìnbó yìí mọ̀ pé èèyàn ń fọwọ́ kó tó jẹun. Ó ká apá agbádá, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì fara balẹ̀ fọ àárín ìka. Agbáwo dúró tòun ti ìgò wáìnì tó fẹ́ tẹ̀ sínú yìnyín náà. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé korobá lọ, ó gbé òmíràn wá, ó sì gbé e sí ìhà kejì tábìlì, níbi tí ọwọ́ àlejò kò lè dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ọkùnrin náà. Ó ga, ó tinrin, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó ní kọ̀rọ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́? Kò, kò, kò, ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó kí i kú ewu Paris-Roubaix ti 2006, ọjọ́ tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ já mọ́ Hincapie lọ́wọ́, tó ṣubú, tó fi èjìká pa. Ó ní kó má ka ti Tour mẹ́ta yẹn sí, pé ní Ìbàdàn, mẹ́tàdínlógún là ń kà. Fọ́ọ̀kì ìyàwó ọkùnrin náà dúró lófuurufú. Ọkùnrin náà nu ẹnu, ó ní báńkì lòun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun kò gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà ọmọdé.

Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé àwọn ẹni ńlá kì í fẹ́ ariwo. Ó fa bírò yọ, ó na nápíkìn sí i, ọkùnrin náà sì bu ọwọ́ lù ú, bóyá kó lè ráyè jẹun. Ìgbà tó fi nápíkìn hàn lórí tábìlì 17 ni àbúrò ìyàwó gbé orí lé ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Bíi. Bíi ti ni mo wí!"

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ó ká agbádá mọ́ ọrùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n dé ibi iná pupa kan. Àbúrò ìyàwó yí gìgísẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde lára pẹ́dà. Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé dúró, ó gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ ṣì há mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ó rọra ń tẹ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí igi ọ̀pẹ tí wọ́n gé nídìí, títí ó fi balẹ̀ gbì, agbádá sì bo òun àti kẹ̀kẹ́.

Mọ́tò kan dúró lẹ́yìn wọn. Ẹni gíga kan sọ̀ kalẹ̀, ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára pẹ́dà, ó gbé e jókòó sétí títì. Ó wá lọ ṣí búùtù, ó mú ike omi kan wá, ó ṣí i, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé mu ún tán. "Ẹ ṣeun o," ló wí, "Mr Hincapie."