Ebi Wo Ló Ń Pani Dénú Páálí Bàtà?

Bí ẹ bá ra bàtà ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ ó bá àpò pelebe kan nínú páálí rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹ má jẹ òun. Ebi wo ló ń pani débẹ̀? Ẹ̀pà á ní kí ẹ ṣọ́ra, ẹ̀pà wà nínú òun. Kẹ̀kẹ́ ọmọ á ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó ká òun. Ní California, láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò fún òfin Proposition 65 ní 1986, ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ ti dé ilé ìtura àti ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Nílé, ara ògiri là ń kọ tiwa sí. “Ilé yìí kì í ṣe títà” wà fún gbájúẹ̀ tó fẹ́ ta ilé onílé. “Má tọ̀ síbí” wà fún gbogbo wa, ẹ má bínú. Ìgò àgbo kì í kìlọ̀ ní tirẹ̀, ìlérí ló ń ṣe: ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn ríro, àtọ̀gbẹ. Àwọn àgbà ló ń kìlọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ti sọ fún pé bí wọ́n bá fi ìgbálẹ̀ na òun, nǹkan ọkùnrin òun á pòórá, àkọlé wo ló tún fẹ́ kà?

Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló ń kọ ti òyìnbó. Wọ́n ṣì ń fi Stella Liebeck ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá ẹni ọdún 79 tí kọfí McDonald's dà sí lára ní Albuquerque ní 1992, pé kọfí sọ ọ́ di olówó. Ẹ rọra o. Ìyá náà jóná débi pé awọ ibòmíì lára rẹ̀ ni wọ́n fi lẹ ojú egbò. 20,000 dọ́là ló kọ́kọ́ béèrè, 800 ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, ló bá gba kóòtù lọ. Ìkìlọ̀ sì wà lára ife yẹn tẹ́lẹ̀! Àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ló ní ìkìlọ̀ náà kéré jù.

Mo ṣì ń fi ti ẹ̀pà rẹ́rìn-ín. Èyí tí mi ò lè fi rẹ́rìn-ín ni ti jẹnẹrétọ̀, pé kí a má tàn án nínú ilé. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, kò ṣeé fojú rí. Ẹni tó sùn tì í lè má jí. Nílé, epo ti bo àkọlé yẹn mọ́lẹ̀ lára jẹnẹrétọ̀ “I better pass my neighbour” yín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ sì ń gbé e sí nítorí olè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síta lálẹ́ òní, kó jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ fi ṣéènì dè é.