Ọwọ́ Ọ̀tún, Ọwọ́ Òsì, àti Oníbàsíà

Àwọn baba wa tí wọ́n ti lọ sí ibi àgbà í rè, àwọn tí wọ́n fi òwe ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà ṣubú, sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́; kò sì sí ẹni tó já wọn ní koro láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di ọjọ́ tí àwọn oníbúlọ́ọ̀gì dé ayé. Ohun tí àwọn baba wa kò fi kún un, nítorí wọn kò rò pé ẹni tó ti mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ yóò tún nílò irú àlàyé bẹ́ẹ̀, ni pé omi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọwọ́ méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Omi, abuwẹ̀ abumu, tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣọ̀tá! Bí kò bá sí, kí ọ̀tún máa ra òsì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìdọ̀tí ara ọ̀tún ni yóò kó ran òsì, ti òsì yóò sì kó ran ọ̀tún, àwọn méjèèjì yóò wá gbóná díẹ̀, ẹni tí kò bá sì fura lè pe ìgbóná náà ní ìlọsíwájú.

Ẹ fi ojú inú wo ẹnì kan tó dá búlọ́ọ̀gì sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2007, nígbà tí ẹgbàágbèje ènìyàn káàkiri ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àwọn lè gbé èrò ọkàn àwọn jáde láìdọ̀bálẹ̀ fún olóòtú ìwé ìròyìn kankan. Ó kọ̀wé, ó tún un kọ, ó fi àwòrán sí i, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ òǹkà tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń sọ fún un pé ènìyàn méje ló wọlé lónìí, láìsọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni márùn-ún nínú wọn. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò máa ń dé, ohùn rẹ̀ á rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dùn mọ́ni létí: "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àpótí kékeré yìí, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé yín. Nígbàkígbà tí àlejò bá wọlé tọ̀ yín wá, àpótí náà yóò fi àkọlé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn hàn án. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, a ó sì fi àkọlé tiyín hàn ní ilé àwọn náà. Kọ́bọ̀ kan kò ní jáde lápò yín. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà?" Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí kò ní ṣílẹ̀kùn?

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé ju bí ó ti ń ṣe bí ọmọ tuntun lọ. Ní ọdún 1996 ni Tony Hsieh àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Sanjay Madan, tí wọ́n jọ kàwé ní Harvard, dá ilé-iṣẹ́ LinkExchange sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àdéhùn wọn sì mọ́ gaara: bí o bá fi ìpolówó àwọn ẹlòmíràn han àlejò rẹ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn yóò fi tìrẹ hàn níbòmíràn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan yòókù ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀ẹ̀kan yòókù di ti ilé-iṣẹ́, wọn a sì tà á fún àwọn tó ní owó ìpolówó lọ́wọ́. Agbaméjì-fúnni-lọ́kan, ọ̀rẹ́ ọ̀tún, ọ̀rẹ́ òsì, ajókòó-ti-bàsíà-má-ta-omi-sára! Kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí Microsoft fi ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1998, iye tí wọ́n sì san jẹ́ mílíọ̀nù 265 dọ́là. N kò bá wọn jà o. Wọn kò parọ́, wọn kò jalè, àdéhùn wọn wà lójú ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ọ̀tún àti òsì ń wo ara wọn lójú pé ta ló mọ́ nínú wa, oníbàsíà ti nu ọwọ́ tirẹ̀, ó ti bọ́ sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀làwọ́. Bí àwọn ènìyàn bá ṣí ojú ewé rẹ ní ìgbà 100 lóòjọ́, ìpolówó àwọn ẹlòmíràn yóò hàn níbẹ̀ ní ìgbà 100, tìrẹ yóò sì hàn níta ní ìgbà 50. Kí a gbà pé bí ìpolówó bá hàn ní ìgbà 100, ẹnì kan yóò tẹ̀ ẹ́, èyí tó sàn ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìpolówó ń rí lọ: ìdajì ènìyàn ni yóò tọ̀ ọ́ wá lónìí. Ìdajì ènìyàn! N kò mọ̀ bóyá láti ìbàdí sókè ni tàbí láti ìbàdí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ apá ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, mi ò rò pé yóò lè kàwé. Lójọ́ kan náà, nínú àwọn tí wọ́n ti wá sọ́dọ̀ rẹ fúnra wọn, ẹnì kan gbáko, tòun torí tòun tẹsẹ̀, ti gba ojú ihò tí ìwọ alára fi ọwọ́ ara rẹ lu sára ògiri jáde lọ sí ilé onílé. O fi odindi ra ìdajì, o sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ. Àwọn mìíràn a ní ilé-iṣẹ́ tàwọn kì í mú ìdajì, ọ̀kan fún ọ̀kan ni. Ó dára bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń wá ọ bọ̀ lọ, ẹni tó ń wá ẹlòmíràn dé.

Ìyẹn náà, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, nígbà tí ìkànnì HotWired gbé ìpolówó AT&T sójú ewé, tí ojú kò tí ì rí irú rẹ̀ rí, wọ́n ní ènìyàn 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló tẹ̀ ẹ́; ṣùgbọ́n ojú ọmọ aráyé kì í pẹ́ kọ́gbọ́n, kò sì pẹ́ tí ìpolówó fi di ohun tí ènìyàn ń wò láìrí. Jan Panero Benway àti David Lane ní Yunifásítì Rice dán èyí wò ní 1998: wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wá ọ̀rọ̀ kan lójú ewé, inú pátákó ńlá aláwọ̀ mèremère ni wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá a tì, nítorí ojú wọn ti mọ̀ pé ohun tó bá ń dán báyẹn, ẹni tó ń tajà ló gbé e síbẹ̀. Ẹ wá wo àpótí oníṣòwò wa, tó fara pẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ewé láàárín kàléńdà àti àwòrán ológbò. Ta ni yóò wò ó?

Síbẹ̀ ọdún 2007 yẹn ni àwọn àpótí wọ̀nyí pọ̀ jù. Oṣù kẹsàn-án ni John Reese gbé BlogRush jáde, ó sì fi ohun dídùn kan sí i: bí o bá mú ẹnì kan wọlé, o ní ìpín nínú tirẹ̀, bí ẹni náà bá mú ẹlòmíràn wọlé, o tún ní ìpín níbẹ̀, àti lára ọmọ, àti lára ọmọ-ọmọ. Báyìí ni ẹni tó ń kọ̀wé nípa ìtọ́jú ewúrẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣe pa ewúrẹ́ tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa àpótí, kí àwọn mìíràn lè gba àpótí, kí àwọn náà lè kọ̀wé nípa àpótí. Nígbà tí ìdọ̀tí pọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ náà lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún búlọ́ọ̀gì dànù. Kí ọdún 2008 tó parí, òun náà ti kógbá wọlé.

Entrecard, tí òun náà ń pín àpótí, dáhùn ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi mí, bóyá àlejò ń wá tàbí kò wá. Wọ́n ń wá, wọ́n ń rọ́ wá! Káàdì kékeré onígun mẹ́rin ni wọ́n fún oníkálukú. Bí o bá lọ sí ilé ẹlòmíràn tí o sì tẹ àpótí ibẹ̀, o ti fi káàdì rẹ sílẹ̀, kírẹ́dítì wọlé fún ọ, o sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ìgbà 300 lóòjọ́. Ẹni tí yóò fi káàdì sílẹ̀ ní ilé 300 kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ni yóò kà dé ìlà kejì? Yóò wọlé, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò jáde, ẹ̀rọ òǹkà yóò ta pọ́n-ún, onílé yóò jó. Àlejò tó bá jọ òkété, èkùrọ́ là ń fi lọ̀ ọ́. Àwọn wọ̀nyí kò wá oúnjẹ wá rárá. MyBlogLog, tí Yahoo rà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, tilẹ̀ ń fi àwòrán ojú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé hàn lójú ewé, ó sì di pé àwọn kan ń wá kí ojú wọn lè hàn, wọn a sì lọ síbòmíràn lọ fi í hàn. Yahoo tì í pa ní 2011.

Èmi kò ní gbàgbé ìyà tí àpótí wọ̀nyí fi jẹ òǹkàwé gidi. Orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni àpótí ti ń fa àkọlé wá, bí ẹ̀rọ ọ̀hún bá sì ń tòògbé ní Amẹ́ríkà, ojú ewé tìrẹ a dúró dè é; ẹni tó san owó wákàtí kan ní kaféè íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn a sì jókòó máa wo òfìfo, kí àpótí tí kò béèrè lè rójú wá.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, mo mọ ìgbà tí fífi ọ̀nà ilé ara ẹni hàn mú èrò wá. Sage Weil, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Oregon, bẹ̀rẹ̀ WebRing ní 1995: àwọn tó ń kọ̀wé lórí ohun kan ṣoṣo so ìkànnì wọn pọ̀ yíká, ẹnì kan nínú wọn a sì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn má baà wọlé. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ rélùwéè àtijọ́ a kúrò níbi rélùwéè, a bá rélùwéè pàdé. Òùngbẹ ti ń gbẹ òǹkàwé náà kí ó tó dé. Òun ló ru omi wá láti ìta. Bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkọ̀wé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé, nítorí pé iṣẹ́ onítọ̀hún dùn mọ́ ọn. Google gan-an, tí í ka lìǹkì tí àwọn ènìyàn bá dìídì fún ìwé kan sí ẹ̀rí fún un, kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé àṣejù ṣe-fún-mi-kí-n-ṣe-fún-ọ jẹ́ ẹ̀tàn.

Àwọn ọmọ wa ní Èkó kò sì jẹ́ kí ọgbọ́n náà kú. "Ẹ fọ́lò mi, màá fọ́lò yín padà" ni orin tí wọ́n ń kọ lórí Twitter (tó ti di X báyìí) àti Instagram. Lórí WhatsApp, wọn a kó nọ́ńbà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sínú fáìlì kan, oníkálukú a fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù, kí fíù lè pọ̀ lórí sítétọ́ọ̀sì. Fíù pọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń ta bàtà ń wo ẹni tó ń ta wíìgì, ẹni tó ń ta wíìgì ń wo ẹni tó ń ta dátà, àtàǹpàkò gbogbo wọn kò sì dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, bí ó bá fẹ́ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ó kọ́kọ́ fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀ pé, "Ọmọ mi, ìwọ tó kó wa jọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni ìwọ ń tà?"