A Ò Tíì Kú, A Ti Dère

Ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Ẹ̀gàn ni àwọn tó pa òwe yìí fi ń gún wa lára. Wọ́n ti rí bàbá tí ọmọ rẹ̀ ò bi léèrè rí pé ṣé ẹ ti jẹun, tó wá kú tán, tí ọmọ náà sáré pa màlúù, tó ní kí agbẹ́gilére wá gbẹ́ bàbá òun. Ì bá wù mí kí wọ́n jí sí Ìlaròó lónìí kí wọ́n wá wò wá. A ò dúró de ikú mọ́. Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, tó sì lówó abọ́ rọ́bà lọ́wọ́, ó ti dère.

Mo ka abọ́ àti ẹ̀bùn àpèjẹ yòókù tó wà nílé mi lọ́jọ́ kan. Mẹ́tàdínlógún ni. Ojú èèyàn wà lára gbogbo wọn, mẹ́rin péré ni mo sì dá mọ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ rélùwéè, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Ifọ̀ wá sí Ìlaròó lọ sí Ìdógò. Òun la fi ń bu omi ní balùwẹ̀. Arábìnrin kan tó ṣe àádọ́ta ọdún, tó wé gèlè tó tó igi odán, ń bẹ lára aṣọ ìnura tí ìyàwó mi ti sọ di ìnusẹ̀. Tíréè irin kan sì wà tó ti pẹ́ débi pé "Ẹ̀gbádò" ni wọ́n kọ sí i lára, àwa tí a ti di Yewa láti 1995. Ata là ń sá lé ẹni tó wà lórí ìyẹn.

Nígbà tí Ìyá Àgbà wá fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, ìyẹn àbúrò bàbá mi obìnrin tó ta láfún lọ́jà Ṣayédẹ̀rọ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kọṣẹ́, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní àwọn ò ra ẹ̀bùn ọjà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n máa fi ṣe ohun tí wọ́n á pín fún ẹbí. Ọ̀kan nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ Poli, ti rí i lórí fóònù bí àwọn òyìnbó ṣe ń lẹ fọ́tò mọ́ táìlì kékeré, tí wọ́n á máa gbé ife tíì lé e kí tábìlì má baà lábàwọ́n. Mo wá orúkọ tí Yorùbá lè pe nǹkan náà, mo ní òṣùká ife. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rí i pé orúkọ yẹn bú wa. Òṣùká là ń ká lé orí kí ẹrù má baà dun orí. Tiwọn yìí, orí ìyá gan-an ni wọ́n fi ṣe òṣùká.

Kì í ṣe pé wọn ò ṣiṣẹ́ o. Táìlì funfun tó ṣẹ́kù nígbà tí a tún balùwẹ̀ ṣe ni wọ́n kó jáde, onígun mẹ́rin tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, wọ́n nù wọ́n gbẹ. Ìwé ló dá ìjọ̀gbọ̀n sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọ́n tádàwà olómi ni wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ fọ́tò jáde. Bí gọ́ọ̀mù funfun ti kàn án báyìí, gèlè àlùkò tí Ìyá Àgbà wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn: ó gba iwájú orí, ó yà sí imú, ó wá dúró sí àgbọ̀n bí irùngbọ̀n. A wo táìlì, wòlíì kan tí a ò mọ̀ rí ló ń wò wá. Ọmọ Poli ní ẹ̀rọ tó ń fi iná yan tádàwà oníyẹ̀fun mọ́ ìwé ló yẹ kí àwọn lò, torí gọ́ọ̀mù kì í tú ìyẹn. Wọ́n padà lọ tẹ òmíràn. Wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi káàdì ATM ti afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti àárín bọ̀ sí etí, wọ́n kun gọ́ọ̀mù sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n fi fáníìṣì parí rẹ̀, wọ́n gé sálúbàtà àtijọ́ mọ́ ìdí rẹ̀. Oṣù Keje ni, òjò ò dá. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Àgbà fi wà lórí pèpéle, méjìlá rẹ̀, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, tí ìka ṣì ń lẹ̀ mọ́ wọn.

Mo jókòó tì wọ́n níbẹ̀, àwọn ère àtijọ́ ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ìyá tí ìbejì rẹ̀ kú láyé ọjọ́un, ère tó gbà lọ́wọ́ agbẹ́gilére kò jọ ọmọ náà rárá. Ọmọ ọwọ́ ló kú. Ère tó dé ní ọmú, ó dirun, ó kọlà, àgbàlagbà pátápátá. Kò sẹ́ni tó bínú. Ìyá á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á fi aró kun irun rẹ̀, á wọṣọ fún un. Bí wọ́n bá se ẹ̀wà nílé, tirẹ̀ wà níbẹ̀. Òmíràn wà ní mùsíọ́ọ̀mù lónìí tí imú àti ojú rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, tó ń dán bí ekùrọ́. Ìwẹ̀ àti osùn ló pa ojú rẹ́. Kámẹ́rà pàápàá kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún àṣà yẹn. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nínú African Arts nípa àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, ìyá á rí ọmọ méjì tó jókòó. Fọ́tò wá ń ṣe iṣẹ́ ère. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ife lé irú fọ́tò yẹn lójú ìyá náà, ẹ bá mi wá ẹni tó máa là á.

Níhà ọ̀dọ̀ tiwa níbí ńkọ́, láti Ìlaròó dé Ìmẹ̀kọ títí wọ Kétu lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ẹ̀? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ la fi ń gẹ àwọn ìyá. UNESCO pàápàá ti kéde rẹ̀ láti 2001 pé ohun àjogúnbá aráyé ni. Ọkùnrin ni í gbé ère rù sórí, táá máa jó títí ilẹ̀ á fi gbóná, kí inú àwọn ìyá lè yọ́. Lórí tábìlì tiwa, ìyá ló dalárù: ife ló rù.

Lọ́jọ́ àpèjẹ, wọ́n gbé ọ̀kan lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Ó wò ó, ó yí i, ó wo ìdí rẹ̀, ó mọ sálúbàtà náà.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí la wá ń fi ṣe?"

"Ife la máa ń gbé lé e, mà."

"Lé ibo?"

Ọmọ Poli wolẹ̀. "Lé... lé yín lórí, mà."

Ìyá Àgbà dákẹ́ díẹ̀. "Tútù ni àbí gbígbóná?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń retí èsì.

Èsì dé ní tèmi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo gbé ife Bournvita gbígbóná lé táìlì mi. Nígbà tí mo máa gbé e sẹ́nu, táìlì bá a gbéra. Mo fà á, ó já, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Ìyá Àgbà ti bá ìdí ife lọ. Bí fáníìṣì bá gbóná, á rọ̀, á sì di ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀ mú. Fóònù ò sọ ìyẹn fún ọmọ Poli. Ojú ìyá ti ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe osùn ló ń pa á. Àwọn tó gba mẹ́rin lọ sí Peckham ní tàwọn ò lẹ̀. Wọ́n ní tíì wọn ti máa ń tutù kó tó dé tábìlì.

Nǹkan náà ti wá lórúkọ nílé mi báyìí, kì í sì í ṣe òṣùká ife. "Gbé Ìyá Àgbà wá, tíì mi gbóná." "Ta ló da mílíìkì sí Ìyá Àgbà lójú?" "Ìyá Àgbà ti bọ́ sábẹ́ àga." Ilé rẹ̀ gan-an ò ju owó ọ̀kadà kan lọ sí tèmi. Mi ò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ àpèjẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù dún. Ìyàwó mi wò ó, ó pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹ wá dáhùn o, Ìyá Àgbà ló ń pè!" Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló yára jù mí lọ. Ó sáré dé ìdí tábìlì, ó rọra gbé ife kúrò lórí táìlì, ó sì dẹ etí sí i.