Ta Ló Bá Wọn Buwọ́ Lùwé?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi tí mò ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ mi lórí omi ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, níbi tó jẹ́ pé bí mo bá sín nínú ilé pákó mi, ilé kẹta á ti ní "pẹ̀lẹ́ o", wọn ò tún jẹ́ kí n ní àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì!

Nígbà tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí ní 2024, nítorí bí wọ́n ṣe ń lo ìsọfúnni àwa ọmọ Nàìjíríà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ní, "Bọ̀dá, ẹ ò rí nǹkan? Ẹ máa bọ̀ lórí Mastodon." Ìkànnì yẹn ò ní ọ̀gá kan ṣoṣo, sáfà kéékèèké, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì ró, ló ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo lọ. Ara tù mí. Mo gbé fọ́tò ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi tuntun síbẹ̀ fún ìwọ̀nba èèyàn tó ń tẹ̀lé mi.

Àṣé Threads, ìkànnì tí Meta gbé jáde ní 2023, ti kọ́ ActivityPub, èdè tí àwọn sáfà wọ̀nyí ń sọ! Bí ẹnì kan níbẹ̀ bá ń tẹ̀lé yín, ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ á lọ bá wọn. Ẹ pa á rẹ́? Sáfà yín á bẹ sáfà tọ̀hún kó pa tiẹ̀ náà rẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni o! Ìwé òfin Threads tiẹ̀ ní àwọn lè gba orúkọ àti fọ́tò ẹni tó bá bá wọn da nǹkan pọ̀ láti ìta, àti àdírẹ́sì IP sáfà tó ń lò. Ìta! Èmi tí n kò buwọ́ lùwé kankan!

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Igbókòdà, tí mo jẹ lówó, tí mo ti sọ fún pé ọwọ́ mi gbẹ, tí gbèsè náà sì ti ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ṣe rí ẹ́ńjìnì mi lórí ìkànnì ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, tí n kò sì wọ̀ rí láyé mi, wọ́n fi han ìyàwó wọn, ìyàwó wọn fi han ìyàwó mi, ìyàwó mi tí n kò tíì sọ iye ẹ́ńjìnì náà fún, ìyàwó mi gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúrà, àwọn aládùúrà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa ìdámẹ́wàá!

Wọ́n ní mo lè ti ilẹ̀kùn mọ́ sáfà Threads. Mo ti tì í. Ẹ̀dà tó ti lọ ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn sáfà kan ò gbà kí Threads wọlé, pé ìdìbò ni sáfà tiwa máa fi pinnu. Ìdìbò wo? Lọ́jọ́ tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tí jẹnẹrétọ̀ ò ní epo?

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń bọ̀ ní Sátidé. Wọ́n ní kí n fi ẹ́ńjìnì tuntun yẹn wá gbé àwọn.