Kúìtì Nótíìsì fún Edé

(Pálọ̀ lándíọ̀dù kan ní Ilo-Awela, Ọ̀tà. Fíìmù District 9 ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ìyá Ẹlẹ́dé, ayálégbé tó ń ta edé ní ọjà Sango, kò tíì dìde.)

LÁNDÍỌ̀DÙ: Irọ́ funfun báláú! Ọkọ̀ òfúrufú dúró gbagidi sórí Johannesburg láti 1982, kò lọ, kò bọ̀! Tírélà tó kú sójú ọ̀nà wa níbí gan-an, wọ́n á wọ́ ọ kúrò.

ÌYÁ ẸLẸ́DÉ: Lẹ́yìn oṣù mélòó, Bàbá?

LÁNDÍỌ̀DÙ: Gbẹ́nu dákẹ́! Ohun tó ń bí mi nínú ni olórí jàǹdùkú ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n sọ ní Obesandjo. Ní Ọ̀tà wa yìí tí oko Ọbásanjọ́ wà! Abájọ tí Dora Akunyili, mínísítà ìròyìn, fi ní kí àwọn sinimá má fi fíìmù náà hàn mọ́ ní 2009, kí Sony sì tọrọ àforíjì.

ÌYÁ ẸLẸ́DÉ: Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní a fẹ́ jẹ apá àwọn àlejò inú ọkọ̀ òfúrufú yẹn kí ìbọn wọn lè gbọ́ tiwa! Àmọ́ oúnjẹ ológbò inú agolo tí wọ́n ń tà fún wọn, òwò nìyẹn.

LÁNDÍỌ̀DÙ: Ní ọ̀wọ́n gógó! Ta ni yóò gbè wọ́n bí kò ṣe ẹni tó ń fi edé tuntun bo edé àná?

ÌYÁ ẸLẸ́DÉ: Ẹ fi edé mi sílẹ̀! Edé náà ni wọ́n ń pe àwọn àlejò yẹn. Edé tó ga ju èèyàn lọ, tó ń sọ̀rọ̀, tó bímọ! Àánú wọn ṣe mí.

LÁNDÍỌ̀DÙ: Wikus tó ń lé wọn jáde nílé lèmi gba tiẹ̀. Ó ń ti ilé dé ilé: "Buwọ́ lùwé, kó jáde!" Ọkùnrin ni!

ÌYÁ ẸLẸ́DÉ: Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní District Six, ní Cape Town. Ní 1966, ìjọba ní aláwọ̀ funfun nìkan ló ni ibẹ̀; èèyàn tó lé ní 60,000 ni wọ́n kó kúrò.

LÁNDÍỌ̀DÙ: Ṣé wọ́n jẹ owó ilé ni?

ÌYÁ ẸLẸ́DÉ: Owó ilé kọ́, àwọ̀ ara ni.

LÁNDÍỌ̀DÙ: Ìwọ wá jẹ oṣù mẹ́fà. (Ó fa ìwé yọ lápò.) Buwọ́ lù ú.

ÌYÁ ẸLẸ́DÉ: Háà! Ẹ ti gbàgbé ohun tó ṣe Wikus? Ibi tó ti ń tú ilé onílé ni omi dúdú kan ti fọ́n sí i lójú. Kílẹ̀ tó mọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti di ti edé!

LÁNDÍỌ̀DÙ (ó yára gbé ìwé sí ọwọ́ ọ̀tún): Kò burú. Ọ̀tún náà ni mo fi ń gba owó ilé.